Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ni kí n bá lọ sí Lomé, àbí kí n ti ṣáájú wọn débẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ ṣe fàájì ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní Lomé, ní Tógò, etíkun gan-an ni wọ́n ń kó wa lọ. Ọjọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra ní Tákíé, wọ́n ní kílẹ̀ tó ṣú a ti débẹ̀, pé a máa yà ní Ouidah lójú ọ̀nà, ká sì lọ sí bíìṣì lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá mi tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ń bá mi lọ, yẹ́lò káàdì wọn (ìwé tó fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà) sì ti pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má bá bọ́ọ̀sì yẹn lọ rárá, kí èmi àti màmá ti ṣáájú wọn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, kí lẹ rí sí i? Owó ńkọ́, ibo la ti ń ṣẹ́ńjì rẹ̀?

* * *

Kílẹ̀ tó ṣú? Láti Tákíé? Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà tó ń yẹ aṣọ wò lọ́wọ́ mi fi bi mí pé kí ló dé. Ẹ má bínú o, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń fi rẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó kọ ìwé ètò yẹn ni.

Èmi ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ni mo wọ̀, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aago mẹ́rin ìdájí la pàdé, àdúrà nìkan gba ogún ìṣẹ́jú. A ti kọjá Ìbàdàn kí oòrùn tó mú, wọ́n ń pín mọ́ínmọ́ín, ẹnì kan ń dárin, gbogbo wa ń gbè é. Ìgbà tá a dé Mile 2 ni orin dáwọ́ dúró. Láti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì, ẹ ṣáà máa fi sùúrù sí i. Láti Àgbádárìgì dé Seme wá ni wọ́n ń dá wa dúró káàkiri, igi lójú ọ̀nà, okùn lójú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ padà wọlé, mo kọ́kọ́ ń kà á, nígbà tó pé mẹ́tàlá mo fi í sílẹ̀. Aago kan ọ̀sán kọjá ká tó dé bọ́dà. Bọ́dà yẹn náà tún wá gba wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ́wọ́ wa, àwa la sì fà á, mẹ́ta nínú wa ò ní yẹ́lò káàdì, páásípọ́ọ̀tù ẹnì kan ti kú látọdún tó kọjá, kò sì sọ fẹ́nì kankan, ó ń rò pé ojú àánú á wà.

Go-slow Kútọnu lẹ́yìn ìyẹn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí alága wa ṣe. Nítorí pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé a máa yà ní Ouidah, tó tó ogójì kìlómítà sí Kútọnu, ó ní dandan a gbọ́dọ̀ yà. Ẹ mọ ibẹ̀, etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá kan síbẹ̀ ní 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ibi tó yẹ kéèyàn dúró kó ronú ni. Tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi wò ó. Wọ́n ya àwọn èèyàn sára rẹ̀ láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n so pọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ojú wọn là ń tan iná sí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá olè, gbogbo wa ń pa ẹ̀fọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ń lù lọ la wọ Lomé. Oúnjẹ tí wọ́n ti sè sílẹ̀ fún wa ti tutù, wọ́n ti fún ẹlòmíì ní méjì nínú yàrá wa. Ta ló fẹ́ lọ bíìṣì? Ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà inú wa wú bíi ti aboyún.

* * *

Mo rí i pé ẹni mẹ́rin ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, pé "má fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìlú àjèjì ni, èdè wọn ò yé ọ." Mo gbọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ẹni tó bá dá rìn ni ajá ń gbó. Ṣé ajá Lomé ló ń sọ ni àbí ti Sábó?

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá bọ́ọ̀sì jà. Ohun tí mò ń bá jà ni ká máa ka ọjọ́ tá a débẹ̀ mọ́ ọjọ́ fàájì. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ san owó ọjọ́ mẹ́rin, ẹ wá bù ú wò: Ọjọ́bọ̀ ti lọ sójú ọ̀nà, ọjọ́ Àìkú á tún lọ sójú ọ̀nà, ó ku méjì, ọ̀kan nínú méjì yẹn ẹ máa fi sùn ni torí á ti rẹ̀ yín. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ rà.

Ẹni tó ní ká wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ ni, láti Èkó kò tó wákàtí kan. Àmọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la ń sọ níbí.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ ti aago kí n tó gbàgbé, torí òun ló fẹ́ẹ̀ tú ẹgbẹ́ wa ká.

Nàìjíríà àti Kútọnu, aago kan náà ni. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá bọ́dà Hilla-Condji bọ́ sí Tógò, aago á fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Fóònù tó bá rí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ mú á yí fúnra rẹ̀, èyí tí ò bá rí mú á dúró síbi tó wà, aago ọwọ́ ò sì mọ nǹkan kan. Alága ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ká wà nínú bọ́ọ̀sì. Aago mẹ́jọ ìlú wo? Kò sọ. Ìdajì wa jáde ní mẹ́jọ ti Nàìjíríà, aago méje ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n jókòó sínú bọ́ọ̀sì fún wákàtí kan gbáko nínú ooru. Nígbà táwọn yòókù wá ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n ti wẹ̀ tí wọ́n ti jẹun, ìyá kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ aláìníìtìjú, ṣé ẹrú yín la jẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn yẹn ń fi fóònù hàn án pé mẹ́jọ ò tíì lù, òun náà ń fi aago ọwọ́ hàn wọ́n pé mẹ́sàn-án ti ń lọ. Àwọn méjèèjì ló jàre! A ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì fi wá là wá.

Ìjà yẹn ò tán títí a fi padà délé. Di bí mo ṣe ń sọ yìí àwọn méjì wà tí wọn ò kí ara wọn dáadáa ní ìpàdé.

* * *

Ẹ bi mí pé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo dá lọ ńkọ́, ṣé ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó dáa, àmọ́ ó ná mi lówó o, mi ò ní parọ́. Owó yàrá ọjọ́ méjì tí mo fi ṣáájú wọn, èmi ni mo san án, wọn ò sì dá owó ìjókòó mi nínú bọ́ọ̀sì padà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ lọ. A sun Kútọnu mọ́jú, nígbà tílẹ̀ mọ́ a wọ mọ́tò lọ Lomé, ó tó àádọ́jọ kìlómítà. Ọ̀sán gangan la wọlé, a rí òkun láti ojú ọ̀nà, igi àgbọn lọ súà létí ẹ̀. Kó tó di pé a sọ ẹrù kalẹ̀ ara wa ti balẹ̀.

Ojúmọ́ ọjọ́ kejì la lọ sétíkun, kò tíì sí ooru. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò rí i rí, òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé àwọ̀n sí, orí okùn méjèèjì wá wà lórí ilẹ̀, ogún èèyàn lápá ọ̀tún, ogún lápá òsì, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kọrin sí i, gbogbo ẹsẹ̀ ń tẹ yanrìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà téèyàn mẹ́ta ń gún iyán nínú odó kan. Okùn náà nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó tutù, yanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá kan wò mí, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi orí pè mí. Mo bọ́ bàtà, mo dì í mú. Ó lé ní wákàtí kan! Nígbà tí àwọ̀n jáde, ẹja kékeré tó ń dán bí abẹ́rẹ́ ló kún un, pẹ̀lú ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹja lọ. Wọ́n bu ẹja ẹ̀kún ọwọ́ kan fún mi sínú ìborùn mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó wọn lọ síbi kan náà yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n yí dojú dé àti yanrìn gbígbóná ni wọ́n rí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ.

Ti pé wọ́n ń rẹ́ àlejò jẹ, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sọ́jà, zémíjàn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó ní "sáǹkì sáàn". Mo gbọ́ sáǹkì, mo ti kọ́ ọ pé márùn-ún ni, mo fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, mo yíra padà, mo ń lọ. Ọkùnrin yìí ló ń fọn fèrè tẹ̀ lé mi láàárín èrò, mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà ni, mo túbọ̀ ń yára. Ọ̀rẹ́ mi ló dá mi dúró. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló ń na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré lowó rẹ̀! Torí náà ẹ kọ́ oǹkà owó ní Faransé kẹ́ ẹ tó lọ, ó wúlò ju "bọ́ńjúù" lọ: "sáàn" ni ọgọ́rùn-ún, "mílù" ni ẹgbẹ̀rún. Tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Kí n má parọ́, ọjà gan-an ló gbé mi ṣáájú. Aláṣọ ni mí, ìlú aláṣọ sì ni Lomé. Àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, aṣọ àǹkárá ni wọ́n ń tà, wọ́n rówó débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ilé ọjà ńlá tí wọ́n ti ń tajà jóná ní oṣù kìíní 2013, àmọ́ aṣọ ṣì wà káàkiri àdúgbò yẹn, ẹ ò ní wò ó tán. Ìwé ètò ẹgbẹ́ wa fún ọjà ní wákàtí kan. Wákàtí kan! Ẹni tó kọ ọ́ ò ra aṣọ rí láyé ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan ní Èkó, àwọn kan ní Seme, àwọn kan ní kẹ́ ẹ dé Lomé ná. Èrò tèmi: ẹ ṣẹ́ńjì ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa fi jẹun tẹ́ ẹ máa fi wọ mọ́tò ní bọ́dà, lójú ọ̀sán, ẹ ka sẹ́fà tán lọ́wọ́ ara yín kẹ́ ẹ tó tú náírà sílẹ̀, ẹni tó bá gbà á padà pé òun fẹ́ tún un kà, ẹ̀yin náà ẹ tún un kà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyókù ẹ ṣe é ní Lomé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé ẹnì kan tan obìnrin kan nínú wa pé sẹ́fà Kútọnu kì í ná ní Tógò. Ó mú owó jáde, ó fi lẹ́tà B tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ hàn án, ó ní T ni ti Tógò, pé àfi kó tún un ṣẹ́ńjì. Obìnrin yìí ṣe é, ó sì pàdánù síbẹ̀. Òótọ́ ni pé lẹ́tà wà lára rẹ̀, B ni Kútọnu, T ni Tógò, A ni ti àwọn ará Abíjàn, àmọ́ owó kan náà ni, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná an, kò sẹ́ni tó ń wo lẹ́tà. Ti Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù ló yàtọ̀, òun ni ẹ ò gbọdọ̀ gbà.

Yẹ́lò káàdì: ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbéra, torí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni káàdì tó máa ń ṣiṣẹ́. Màmá yín tẹ́ ẹ sọ pé káàdì wọn ti pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti 2016 ló ti di pé ẹ̀ẹ̀kan tó títí ayé. Físà ò sí láàárín wa, àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ lè lò, àmọ́ ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tù yín ní gbogbo bọ́dà, àtilọ àtibọ̀.

* * *

Ẹni tó bèèrè bóyá òótọ́ ni pé a sọ bàbá kan nù. Ẹ̀yin yìí ò ní jẹ́ kọ́rọ̀ yìí sinmi.

A sọ wọ́n nù, a sì rí wọn. Bàbá Tàmálè là ń pè wọ́n. Kò sí agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ò ní ará Gánà láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣòwò lápá àríwá lọ́hùn-ún. Tàmálè ni wọ́n bí bàbá yìí sí. Ní oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí gbogbo àjèjì tí ò níwèé kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá ò tíì pọ́mọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn, wọ́n ní àwọn rántí pé màmá wọn fi ìkòkò ọbẹ̀ sórí iná sílẹ̀.

Lomé wá rí báyìí, ibi tí ìlú parí sí ni Gánà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bá òkun náà ni bọ́dà wà, Aflao ni òdìkejì. Àárín ìgbà tí gbogbo wa ń ná ọjà ni bàbá yọ́ lọ. Alága ń pariwo, ó ní bọ́ọ̀sì á fi wọ́n sílẹ̀. Èmi àti ọmọkùnrin kan la gba títì etí òkun lọ, a bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́dà, wọ́n dúró, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn, wọ́n ń wo èrò tó ń kọjá. Wọ́n ti ra kẹ́ńkẹ́ mẹ́rin, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gánà, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ti òdìkejì bọ̀, Haúsá ni wọ́n fi ná an. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ń wá yín." Wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn náà nìyẹn," wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Wọn ò jẹ kẹ́ńkẹ́ náà. Wọ́n gbé e wálé fún ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ní Apákè.

Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé ètò kankan. Mo sọ fún alága pé bí wọ́n bá fún bàbá ní wákàtí méjì níbẹ̀, wọn ò ní yọ́ lọ. Ó ní ètò ni ètò.

* * *

Kíákíá lórí oúnjẹ: bí wọ́n bá ní fùfú ni, ẹ má sá. Iyán ni. Iyán iṣu gidi, wọ́n gún un nínú odó, fùfú ni wọ́n ń pè é. Èmi fi ọjọ́ méjì jẹ ìrẹsì kí n tó mọ̀, inú bí mi gan-an. Ẹni tó ní òun máa gbé láfún lọ, ọmọ Ajílété tòótọ́ ni yín, ẹ gbé e.

Bí wọ́n bá pè yín ní Anago, wọn ò bú yín, orúkọ tí wọ́n mọ Yorùbá sí nìyẹn.

Ti òkun, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ẹ ní alẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó yín lọ. Òkun Lomé kì í ṣe odò Ọbà. Ìgbì rẹ̀ lágbára, omi sì ń fani láti abẹ́, ẹni tó mọ̀ wẹ̀ pàápàá, ó lè gbé e lọ. Lójú mi ni omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan lásán gba bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ ó ti lọ. Ká wá kó ọgbọ̀n èèyàn tí ò tíì sùn, tí wọn ò mọ̀ wẹ̀, lọ síbẹ̀ nínú òkùnkùn? Rárá o.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ n dáhùn ìbéèrè yín gan-an, torí a ti rìn jìnnà.

Ẹ̀yin nìkan ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ ṣáájú. Àmọ́ màmá wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó jẹ́ tiyín ju kẹ́ ẹ máa gbé ẹrù wọn láti gáréèjì dé gáréèjì lọ. Torí náà ẹ lọ bá alága yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dá lọ, ẹ mú ẹni mẹ́ta sí i, ní pàtàkì àwọn tó ní ìyá tàbí bàbá nínú ìrìn-àjò náà. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bèèrè. Kí bọ́ọ̀sì gbéra ní ọjọ́rú, kẹ́ ẹ sun Kútọnu tàbí Àgbádárìgì. Kí wọ́n yọ Ouidah kúrò ní àtilọ, kí wọ́n fi sí àtibọ̀, lójú ọ̀sán. Kí ẹnì kan gba gbogbo páásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ̀ wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kì í ṣe ní Seme.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ wá gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín, àmọ́ ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú o, ọjọ́ kan ò tó fún màmá. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti àdúgbò rẹ̀ sórí pépà fún wọn, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sára, fóònù lè kú.

* * *

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èsì yín. Alága yín gbà fún ọjọ́rú? Ẹ kú oríire! Pé ó kọ̀ láti yọ Ouidah kúrò, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ó kúkú débẹ̀ lójú ọ̀sán báyìí.

Ẹ bá mi sọ fún un kó kọ "aago Tógò" sí iwájú gbogbo aago tó wà nínú ìwé yẹn. Bí màmá bá sì rí ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn létí òkun, kí wọ́n bá mi ra ti ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, gbígbẹ ni o.